Ẹ̀gbọ́n Ni Mo Wí, Kì Í Ṣe Eégbọn

"EEGBON KAN WA NINU AGBALA," ni Oníbodè, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ké, ilẹ̀kùn irin sì pa dé gbàmù, ó gé ìyẹ́ ìdí àkùkọ kan tó ń yọjú síta.

Láníyọnu tó ń ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò funfun bọ inú ìbọ̀sẹ̀ dá ọwọ́ dúró. Ìbíyẹmí ìyàwó rẹ̀ tó ń ro ògì lórí iná dá ọwọ́ dúró. Ajá wọn, tí ìgbànú olóògùn mẹ́ta wà lọ́rùn rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó, dá ìrù dúró. Àgbàlá náà pa lọ́lọ́ débi pé bí eṣinṣin kan bá fẹ́ fò kọjá, yóò kọ́kọ́ tọrọ àyè.

Ọ̀rọ̀ eégbọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà mọ́ ní Àgọ́-Ọ̀dàn. Láti ìgbà tí òjò ti kọ̀ tí kò lọ sinmi mọ́, tó ń rọ̀ láti Èrèlé títí wọ Ọ̀pẹ, eégbọn ti kúrò ní ohun tí ajá ń fi ẹsẹ̀ họ. Oníràwọ̀ ni ti ìsinsìnyí, èyí tí àmì funfun kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀kan so mọ́ màlúù kan lọ́nà oko, kí darandaran tó sín lẹ́ẹ̀mejì, màlúù ti di awọ, eégbọn ti di màlúù, ó ti ń wá koríko jẹ. Bó bá so mọ́ èèyàn, ibà á gbé e, ẹran á sì di ọ̀tá rẹ̀. Bó fi omi ọbẹ̀ ẹran kan ètè báyìí, á bì títí, á bi orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Àgbàlá tí wọ́n bá sì ti bá a, olórí àgbàlá ọ̀hún ń lọ sí Ọgbà Ogójì nìyẹn. Ó lè padà wálé lẹ́yìn ogójì ọjọ́ o, àmọ́ kò ní jẹ olórí mọ́ láéláé.

Ẹ̀rín ni Mobọ́láńlé, ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́sàn-án, bú sí.

"Ẹ̀rín kí lò ń rín, ìwọ ọmọ yìí?" ni ìyá rẹ̀ jágbe mọ́ ọn.

"Màmi, èmi ni mo fà á! Nígbà tí mo kí Oníbodè láàárọ̀, ó bi mí pé àwọn wo ló wà nínú àgbàlá. Mo ní màmi wà, bàbá mi wà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà."

Láníyọnu wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wò ó. Lẹ́ẹ̀kan náà ni àwọn méjèèjì tú ẹ̀rín sílẹ̀, tí ògì sì fi bẹ́ẹ̀ dì lórí iná.

"Olórí agolo!" Láníyọnu ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn. "Ẹ̀gbọ́n lọmọ wí, kì í ṣe eégbọn! Ẹ̀gbọ́n! Ẹni tí wọ́n bí ṣáájú èèyàn!"

"EEGBON," ni Oníbodè wí. Kò gbé ohùn sókè, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "A TI GBO."

Àìsàn tó ń ṣe Oníbodè nìyẹn. Àwọn tó ṣe é ní òkè òkun kó gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i níkùn, wọ́n wá gbàgbé ohùn sílé. Ìyá Ṣubúọlá tó ń gbé lódìkejì sọ fún tirẹ̀ nígbà kan pé ọkọ òun sọnù. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ́fíìsì fi ọkọ́ tuntun ránṣẹ́ sí i. Obìnrin náà ní òun gbà á bẹ́ẹ̀, pé ó tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Èyí tiwọn yìí náà ti ṣẹlẹ̀ rí. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnu ọmọ yìí kan náà ló ti jáde. Nígbà tí aṣojú Ìgbìmọ̀ Àgbàlá Mímọ́ dé, ẹ̀gbọ́n Láníyọnu fúnra rẹ̀ ló nàwọ́ sókè pé, "Èmi rèé o, èmi ni eégbọn tó ń fa ẹ̀jẹ̀ wọn nílé yìí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ilẹ̀kùn ṣí, kálukú gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

"Lọ pe Ẹ̀gbọ́n wá," ni Láníyọnu sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ní kí wọ́n wá jẹ́rìí ara wọn."

Lápàdé jáde síta pẹ̀lú orín lẹ́nu. Ọdún méje ló fi ju Láníyọnu lọ. Ìlú etí òkun ló ń gbé tẹ́lẹ̀, títí òkun fi dìde lọ́jọ́ kan tó gbé ìlú náà mì pẹ̀lú òrùlé àti ọ̀pá iná, tí ó sì gùfẹ̀ sójú àwọn tó kù. Ọdún méjì rèé tó ti padà sí ilé bàbá wọn pẹ̀lú àpò kan àti àga kan. Láníyọnu ló wà nílé nígbà tí wọ́n ń ri Oníbodè mọ́lẹ̀, nítorí náà òun ló jẹ́ olórí àgbàlá. Ti Lápàdé, ojoojúmọ́ tó bá ti wọlé ni Oníbodè máa ń wí pé, "ALEJO, E KU ABO." Kò dá a lóhùn rí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o. Olórí agolo yìí tún ti pè yín ní eégbọn."

"Mo gbọ́ ọ." Lápàdé yí orín sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Kò rẹ́rìn-ín.

"Bí Ọ̀gá láti Ìgbìmọ̀ bá dé, ẹ bá wa sọ ọ́ fún un bíi tọjọ́sí."

"Jẹ́ ó dé ná."

Kò pẹ́ tó fi dé. Orúkọ rẹ̀ ni Fẹ̀yìntọlá, àmọ́ ẹnì kan ò rí i kó fi ẹ̀yìn ti nǹkan kan rí. Ó tín-ínrín, ó gùn, ó dúró ṣánṣán bí òpó. Ẹyẹ ẹtù onírin mẹ́ta ló ń tẹ̀ lé e. Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí fún wọn ni àwọn ẹtù náà ti tú ká, tí wọ́n ń ṣá ilẹ̀ jẹ kọ́kọ́kọ́. Wọ́n yẹ òkúta wẹ́wẹ́ tó yí àgbàlá ká wò, èyí tí eégbọn kì í lè rìn kọjá lọ́sàn-án gangan. Wọ́n fi ẹnu wọn wọn gíga koríko. Wọ́n yẹ etí ajá wò. Ọ̀kan ki orí bọ inú ògì, ó yọ ọ́, ó gbọn ọ́n, ó ní, "O MO."

"Ẹ̀gbọ́n náà ni lónìí?" ni Ọ̀gá Fẹ̀yìntọlá béèrè. "Ẹ jọ̀wọ́, mo fi àkàrà gbígbóná sílẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n dà?"

"Èmi rèé," ni Lápàdé dáhùn.

"Ẹ̀yin ni ọmọ yìí wí?"

Lápàdé yọ orín lẹ́nu, ó ń wo ẹnu orín náà bí ẹni tí wọ́n kọ̀wé síbẹ̀ fún. "Èmi lọmọ wí. Àmọ́ kì í ṣe tọmọ ni ilẹ̀kùn ń ké lé lórí. Kí ọmọ tó jí ni mo ti bá Oníbodè sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n lọmọ wí. Eégbọn ni èmi wí."

Ẹ̀rín tó kù lẹ́nu Láníyọnu kò mọ ibi tó máa gbà jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣàwàdà níwájú Ọ̀gá."

"Bọ́ ẹ̀wù rẹ."

"Ẹ̀yìn mi mọ́. Ẹ̀yin náà kúkú lẹ̀ ń wò ó."

"Bọ́ ẹ̀wù rẹ, Láníyọnu."

Ẹlẹ́dàá fún wa lójú méjì, iwájú ló sì kó méjèèjì sí. Ìdí nìyẹn tí òfin fi sọ pé kí oòrùn tó wọ̀ lójoojúmọ́, ọmọ àgbàlá ni yóò wo ẹ̀yìn ọmọ àgbàlá, yóò sì tẹ àtàǹpàkò mọ́ Oníbodè lára láti fi hàn pé ó mọ́ tàbí kò mọ́. Kò sí ti ìyàwó níbẹ̀. Obìnrin tí wọ́n fẹ́ wálé, ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń wo tirẹ̀, nítorí Ìgbìmọ̀ ní tọkọtaya a máa bo ara wọn láṣìírí. Láníyọnu ló ń wo ẹ̀yìn Mobọ́láńlé àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wo tirẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ àná yìí, àpótí kan náà ni wọ́n jọ jókòó lé, tí Lápàdé gbá a léjìká tó ní, "Ẹ̀yìn rẹ mọ́ bí àwo àlejò."

Láníyọnu bọ́ ẹ̀wù. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju pílásítà kan lọ, lábẹ́ egungun èjìká òsì.

"Kí nìyí?" ni Ọ̀gá béèrè.

"Oówo ni, mà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni Ẹ̀gbọ́n rí i, tí wọ́n bá mi lẹ nǹkan mọ́ ọn. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án, kó má baà gbilẹ̀."

"Èmi náà fẹ́ ṣí i wò," ni Ìbíyẹmí wí. Ohùn rẹ̀ ti ń wálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ní oògùn rẹ̀ á bàjẹ́ bí obìnrin bá ṣí i."

Ọ̀gá Fẹ̀yìntọlá fi èékánná mú etí pílásítà, ó fà á. Láníyọnu kò lè rí ẹ̀yìn ara rẹ̀, ojú Mobọ́láńlé ló fi rí i. Ó rí bí ojú ọmọ náà ṣe ń là, tó ń là, títí ó fi kù díẹ̀ kó gba gbogbo ojú tán. Lẹ́yìn náà ni ẹtù onírin kan fò, ó ṣá a lẹ́yìn pọ́ọ́, ó sì gbé ohun tó mú sílẹ̀ sórí òkúta. Ó pupa, ó ń dán, ó yó bámúbámú. Ẹyìn tó pọ́n dáadáa lára ìdì kò tóbi tó o. Ìràwọ̀ funfun kan wà lórí rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú.

"Ó ti lò tó ọjọ́ mélòó?" ni Láníyọnu béèrè jẹ́jẹ́.

"Àná ni mo rí i," ni Lápàdé wí fún Ọ̀gá.

"Eégbọn ọjọ́ kan kì í sanra báyìí," ni Ọ̀gá fèsì.

"Ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi ló dáa."

Nígbà náà ni ọjọ́ mẹ́sàn-án ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí padà wá bá Láníyọnu níkọ̀ọ̀kan. Ó rántí ibà ọjọ́ kẹta, tí Lápàdé jókòó tì í, tó ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí rẹ̀. Ó rántí ọjọ́ kẹfà tí Ìbíyẹmí se ẹran ewúrẹ́. Òkèlè kan péré ló fi kan ẹnu tó fi sáré lọ sẹ́yìn ilé, tó bì títí ilẹ̀ fi ní òun yó. Lápàdé fa àwo rẹ̀ mọ́ra, ó ní, "Gbé e wá, àbúrò mi, má jẹ́ kó ṣòfò. Èmi á bá ọ jẹ ẹ́." Ó jẹ ẹ́. Ó fọ́ egungun rẹ̀. Ó fa mùdùnmúdùn rẹ̀, ó ń wo ojú àbúrò rẹ̀, ó sì mọ ìdí tí àbúrò rẹ̀ kò fi lè jẹ ẹran.

"Ẹ mọ̀," ni Láníyọnu wí. "Lálaalẹ́ ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ ń fọwọ́ rọra tẹ etí pílásítà kó má baà ṣí. Mo rò pé ẹ̀ ń tọ́jú mi ni. Eégbọn lẹ̀ ń tọ́jú."

Lápàdé ju orín sílẹ̀. "Ọdún méjì!" Ó nàka sí Oníbodè. "Ọdún méjì ni agolo yìí ń pè mí lálejò! Ní ilé bàbá mi! Lójú sàárè bàbá mi tó wà lábẹ́ fèrèsé yẹn! Èmi tí wọ́n tìtorí mi sọ ìyá wa ní Ìyá Lápàdé! Ṣé o bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan pé kó yé pè mí bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Àgbà kì í sọ irú ẹ̀ jáde lẹ́nu."

"Ẹ bá ti sọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá ti sọ ọ́. Ǹ bá ti gbé àgbàlá yìí fún yín kí ọbẹ̀ ọjọ́ náà tó hó."

Ìyẹn ló dun Láníyọnu jù, torí òtítọ́ ni. Lápàdé náà mọ̀ pé òtítọ́ ni, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọ̀gá Fẹ̀yìntọlá gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀ nù. "Ojú mi náà rí ohun tó rí. Àmọ́ ẹni tó wí ni Oníbodè mọ̀. Ohun tí ẹ̀rọ bá ti kọ, òfin ni, èmi ò lè pa á rẹ́. Bàbá Mobọ́láńlé, Ọgbà Ogójì yá. Ẹni tó wí ni yóò jogún ipò yín. Ìyàwó àti ọmọ lè dúró tì í, tàbí kí wọ́n bá yín lọ. Ó ku kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ẹni tí ẹ fi sílẹ̀, torí Oníbodè kì í gba olórí tuntun bí kò bá ti ẹnu ti àtijọ́ jáde. Bí kò bá sì sí olórí, lẹ́yìn ogójì ọjọ́, àgbàlá di ti Ìgbìmọ̀. Wọ́n á wó o, wọ́n á da òkúta bo gbogbo rẹ̀."

"Títí kan ibi sàárè?"

"Òkúta kì í mọ sàárè."

Láníyọnu wo abẹ́ fèrèsé. Ó wo òrùlé tó tún ṣe lọ́dún tó kọjá. Ó wo ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Bó bá fi àgbàlá sílẹ̀ fún ọ̀dàlẹ̀, wọ́n á ní ibi tí wọ́n á fi orí pamọ́ sí lábẹ́ òjò tí kì í dá. Bí kò bá fi í sílẹ̀, kò sí ilé mọ́ fún ẹnikẹ́ni, bàbá wọn á sì sùn sábẹ́ òkúta ìjọba.

Ìbíyẹmí ló béèrè ohun tí ẹnì kankan kò tíì rò.

"Ọ̀gá, bí bàbá ọmọ mi bá lọ, ta ni yóò máa wo ẹ̀yìn ọmọ mi?"

"Ọmọ àgbàlá tó bá kù."

"Èmi ni," ni Lápàdé wí kíá. Ó fẹ́ kí ó dùn létí. "Ẹ̀jẹ̀ mi kúkú ni. Èmi á máa wò ó dáadáa."

Ìbíyẹmí sọ ìkòkò ògì kalẹ̀, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó gba àárín àwọn ẹtù onírin kọjá, ó sì jáde sí títì. Ajá tẹ̀ lé wọn. Àkùkọ tí wọ́n gé níyẹ̀ẹ́ ìdí tẹ̀ lé ajá.

Láníyọnu gbé ẹ̀wù rẹ̀ wọ̀, ó bá wọn jáde, ó sì kọjú sí ilẹ̀kùn. Ọ̀gá àti àwọn ẹtù rẹ̀ náà jáde, Lápàdé nìkan ló kù nínú.

"TA NI O FI SILE?" ni Oníbodè béèrè. Kò mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé.

"Kò le," ni Lápàdé wí láti inú. "Orúkọ mi péré ni. Sọ pé Lápàdé."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Láníyọnu, kò pe orúkọ yẹn rí. Ìgbà kan tó dán an wò lọ́mọ ọdún mẹ́rin, bàbá wọn fi pàṣán kọ́ ọ débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ sá lọ sílé aládùúgbò kó tó bá a lọ. Ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí.

"Rárá! Orúkọ! Pe orúkọ mi!"

"Kí n pe yín lórúkọ kẹ̀?" Láníyọnu dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta wẹ́wẹ́, níwájú gbogbo àdúgbò tó ti ń yọjú. Omi ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin? Bàbá wa ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi sílẹ̀."

"EEGBON MI NI MO FI SILE," ni Oníbodè tún wí. "A TI GBO. EEGBON NIKAN LO KU NINU AGBALA. OGOJI OJO."

Ilẹ̀kùn pa dé. Èéfín funfun oògùn eégbọn bẹ̀rẹ̀ sí rú láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ògiri.

"Ọ̀gá! Ẹ bá mi sọ fún un!" Lápàdé ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu irin. "Ẹ̀gbọ́n ni mí! Ẹ̀gbọ́n ni mí o!"

"A TI GBO," ni Oníbodè dáhùn. "EEGBON NI O."

Ọdún méjì rèé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò pè é lálejò.

Ọ̀gá Fẹ̀yìntọlá wo ilẹ̀kùn, ó wo ọ̀run, ó sì pe àwọn ẹtù rẹ̀ jọ. "Ohun tí ẹ̀rọ bá ti kọ," ló ń sọ fún ara rẹ̀, ó sì ṣáájú wọn lọ́nà.

Ìwúkọ́ Lápàdé tẹ̀ lé Láníyọnu àti ìdílé rẹ̀ dé orígun títì. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbọ́ tó ń bẹ̀bẹ̀ pé nǹkan kan ń rìn lára ẹ̀yìn òun, kí ẹnì kan jọ̀wọ́ wá bá òun wò ó. Ẹsẹ̀ Láníyọnu dúró fúnra rẹ̀. Ìṣe ìrọ̀lẹ́ ọdún méjì kò tíì kúrò lára ẹsẹ̀. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó rí i gbé.

Ìbíyẹmí rí ojú egbò tó ń ṣẹ̀jẹ̀ wá sára ẹ̀wù funfun. Ó na ọwọ́ láti nù ún. Bí ìka rẹ̀ ṣe kan ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ báyìí ni Láníyọnu fò sókè bí ẹni tó tẹ ẹ̀yinná.

"Èmi ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Mo mọ̀."

Ó mọ̀ lóòótọ́. Síbẹ̀ ó yípo, ó kọ ẹ̀yìn sí igbó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rìn títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà Ọgbà Ogójì.